Ẹni Tó Ń Làágùn Nínú Ọyẹ́

"Ẹ̀mí àìrí wo? Nínú ilé tèmi? Kó tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rù mi á ti pa á!"

Bàbá Adéróunmú, hẹdimásítà tó máa ń wàásù bí àlùfáà bá rìnrìn àjò, ló ń fọ́nnu báyìí fún ìyàwó wọn ní pálọ̀ wọn ní Bódìjà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 1968. Ọyẹ́ mú débi pé súwẹ́tà méjì ni Bàbá wọ̀ léra.

Ọmọ wọn, Olúgbádé, jókòó kọjú sí wọn nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó ń làágùn. Omi ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, tó, tó, tó.

"Màmá," ó ní, "ẹ bá mi..."

Ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, àmọ́ kò wo ẹnikẹ́ni. Dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Nígbà tó pẹ́, ohùn kan jáde, bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga:

"...bu omi."

Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìró bàtà Bàbá ni. Bàbá ti sá dé ẹ̀yìn ilé!

Lọ́ọ̀rì ló ṣẹ́ Olúgbádé lẹ́sẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Abẹ́rẹ́ mọfíìn tí wọ́n fi ń pa ìrora rẹ̀ wá di bárakú fún un. Dókítà ti wá ń fún un ní oògùn olómi kan láràárọ̀, tí wọ́n ń pè ní mẹ́tádóònù, kó lè bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ náà.

"Oògùn yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹ̀mí àìrí!" Bàbá kígbe láti ojú fèrèsé. "Ìyá Gbádé, dà á nù! Fún un ní ògógóró tí a rẹ èèpo igi sí. Kò tilẹ̀ rí ìgbẹ́ yà láti ọjọ́ mélòó kan. Ohun gbogbo á jáde!"

Màmá gbé ife ògógóró sún mọ́ ọn lẹ́nu. Ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀yìn wọn, ó já a gbà.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni, Mà?"

Fọláwùmí ni, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì; igbe Bàbá ló mú un wá. Ó pe Olúgbádé lórúkọ, ó gbọ̀n ọ́n léjìká, ó fetí sí èémí rẹ̀. Olúgbádé mí. Èémí náà dúró... Màmá di orí mú. Ó tún mí, ó wá lajú.

"Ẹ káàsán, Àǹtí."

"Kì í ṣe iwin," Fọláwùmí ní. "Oògùn yìí máa ń mú èèyàn làágùn. Ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, kí ẹnu gbẹ, kí oorun máa kunni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da ògógóró lé e, èémí rẹ̀ lè dúró pátápátá. Bí ẹ bá sì da oògùn yẹn nù, ìyà tó máa jẹ ẹ́ lè lé e padà sídìí abẹ́rẹ́."

"Kí la wá máa ṣe?" Ojú fèrèsé ni Bàbá ṣì wà.

"Kó máa mu omi dáadáa, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun tèyí pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà báyìí, kó tó mu òmíràn."

Dókítà dín ìwọ̀n oògùn náà kù.

Ẹ̀yin ará, bí oògùn tó ń gbani lọ́wọ́ bárakú bá ń dààmú ẹni yín, dókítà ni kí ẹ sọ fún. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má fi kún un, ẹ má sì fi ọtí tàbí oògùn oorun lé e. Ẹni tí ẹ bá jí tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Bàbá wúkọ́.

"Gbádé, kí ló dé tí o ò sọ fún wa pé bí oògùn yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn?"

"Mo sọ fún yín lánàá, Bàbá. Ẹ ní kí n dákẹ́, ẹ̀ ń gbàdúrà fún mi."