Bébà Tí Lésà Tì

"Fáànù kékeré ni, abẹ́ tábìlì la máa gbé e sí," ni tíṣà sáyẹ́ǹsì wa wí fún mi láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. "Bí o bá ti tan lésà, bébà á fò sókè, àwọn adájọ́ á pàtẹ́wọ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀, sà. Ẹ má bínú, mi ò ní ṣe é."

"Agídí ẹ ti pọ̀ jù."

Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nìkan ló máa lọ sí ìdíje àgbà, ó sì ti pẹ́ tí ọkàn mi ti wà níbẹ̀. Síbẹ̀, mi ò gbà.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbi ìpàtẹ. Ẹ̀rọ lésà, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ jó nǹkan, ni wọ́n fi ń kọ orúkọ sára igi. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá kan bébà dúdú, èéfín á bú jáde níbi tó jó, bébà á sì sún sẹ́yìn. Téèpù ni bàbá mi fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà ba iṣẹ́ jẹ́. Èmi ṣí téèpù. Mo kàwé títí mo fi mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ń rò ó pé lésà alágbára lè ti ọkọ̀ láti ilẹ̀ lọ sí òfurufú, kó gbé sólà lọ síbi tí ìkùukùu ò dé, kí iná máa tibẹ̀ wá bá wa.

Torí mo kọ̀ fáànù, tíṣà ní kí wọ́n gbé tábìlì mi kúrò láàárín gbọ̀ngàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀. Inú bí mi, mi ò sì fi pamọ́.

Nígbà tí àwọn adájọ́ dé, mo tan lésà nínú àpótí onígíláàsì dúdú. Bébà tí mo fi òwú so rọ̀ sún díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín.

"Ṣé èyí ló máa gbé sólà lọ sófurufú?"

"Rárá, sà. Èyí ò lè gbé ìyẹ́ adìẹ. Àmọ́ ó ti bébà, ẹ sì rí i. Wọn ò tíì ṣe èyí tó máa gbé sólà, mo sì fẹ́ wà lára àwọn tó máa ṣe é."

Obìnrin ẹnjiníà tó wà pẹ̀lú wọn súnmọ́ tábìlì mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká aṣọ tábìlì sókè, ó fọwọ́ wá abẹ́ rẹ̀ kiri. Tíṣà wa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tún un ṣe," ni obìnrin náà wí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo ṣe é, ó sì fi rúlà wọn ibi tí bébà sún dé.

"Mìlímítà mẹ́rin," ló wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ipò kẹta ni mo ṣe. Tíṣà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣó o rí i? Ká ní o gbọ́ tèmi, ipò kìíní là bá wà."

"Fáànù ni ì bá wà níbẹ̀, sà, kì í ṣe èmi."

Mo gbé àpótí mi, mo ń lọ sílé. Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá fi ẹ̀tàn gbà, kì í ṣe tirẹ̀. Mìlímítà mẹ́rin yẹn, tèmi ni, kò sì sí ibi tí wọ́n lè gbé tábìlì mi lọ tí wọ́n á fi gbà á lọ́wọ́ mi.