Ọmọ Ogun Mẹ́wàá Nínú Kùrukùru

Ahọ́n ọkùnrin náà ni Eléyín kọ́kọ́ rí, torí kò sẹ́ni tó máa rí irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ tí kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dà bí ahọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá aró tán. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ Eléyín, oòrùn àárọ̀ ń tàn sí i léjìká, ó sì di aṣọ ìnujú kan mọ́wọ́ bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Ẹ káàárọ̀ o. Eyín màmá mi ni mo gbé wá. Ó já bọ́, ó sì là sí méjì."

Eléyín ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe. Òun ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun èrìgì eyín náà títí á fi jọ ẹran ara, kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè rẹ́rìn-ín láìfọwọ́ bo ẹnu. Ó gba eyín tó là náà, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó gbé e wá ló ń wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ahọ́n yín síta."

"Ẹ̀n? Èmi kọ́ ni mo wá tọ́jú ẹnu o."

"Mo ní ẹ yọ ọ́."

Ó yọ ọ́ bí ọmọ iléèwé.

"Kí lẹ mu?"

Ojú tì í. "Ọ̀dà ni. Ahọ́n ni mo fi máa ń mú kí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ṣe ṣóńṣó. Ọmọ ogun ni mò ń kùn."

"Búrọ́ọ̀ṣì kì í ṣe oúnjẹ, ọ̀gbẹ́ni. Ọmọ ogun wo ló sì dúró kẹ́ ẹ máa kun òun lọ́dà?"

Ọkùnrin náà ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì gbé ọmọ ogun oníke kan lé orí tábìlì, tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Ọmọ ogun ojú ọ̀run ni, tòun ti akoto roboto lórí àti ìbọn tó ń yin ìmọ́lẹ̀. Aṣọ èjìká rẹ̀ ní àwọ̀ ojú sánmà nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ẹ́ mọ́. Eléyín gbé e sábẹ́ awò tó fi ń ṣiṣẹ́. Ojú méjì wà lẹ́yìn dígí akoto náà, ẹyinjú sì wà nínú wọn, ìmọ́lẹ̀ fínnífínní kan sì wà nínú ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Òun tí ohun kékeré jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ wá gba eyín lọ́jọ́bọ̀," ló ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

Eyín náà kò lè gbà ju ọjọ́ kan lọ. Eléyín kàn fẹ́ kó máa wá béèrè ni. Ọkùnrin náà wá béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Màmá tó wà nílé tó ń mu omi ọbẹ̀ láìní eyín lẹ́nu ló jìyà ìfẹ́ yẹn.

Àwọn ènìyàn ń pe ọkùnrin náà ní Aláago, torí aago ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ìkángun òpópónà. Eléyín ní tirẹ̀ ń pè é ní Ahọ́n-Aró. Ní Sátidé kan, ó tẹ̀ lé e lọ sí gbọ̀ngàn kan lókè ilé ìtàwé, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọn ọmọ ogun náà ṣeré. Tábìlì ibẹ̀ fẹ̀ tó ibùsùn méjì. Òkè tí wọ́n fi fóòmù gbẹ́ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ tó ti wó àti yanrìn pupa ayé kan tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Ẹni méjì á kó ọmọ ogun wọn síbẹ̀, wọ́n á fi tépù wọn ìrìn wọn, wọ́n á sì ju dáìsì bíi ti lúdò láti mọ ẹni tí ìbọn bà. Òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré: ọmọ ogun tí kò bá ní ọ̀dà lára kì í gun tábìlì.

"Níbo làwọn tìrẹ ń lọ?" Eléyín bi í.

"Ìràwọ̀ tí wọ́n ti wá ti kú. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sùn sí."

"Látìgbà yẹn, wọn ò sùn?"

"Wọn ò tíì ríbi kankan."

Mẹ́wàá ni wọ́n, ọdún méjì ló sì fi kùn wọ́n. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì a máa jókòó ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù aago. Aago ń dún lára ògiri yí wọn ká, ṣùgbọ́n kò sí méjì tó sọ ohun kan náà, ó sì máa ń dà bíi pé àkókò fúnra rẹ̀ kàn ń gbafẹ́ kiri ni. Ọjọ́ kan ni Eléyín po àwọ̀ èrìgì fún un, ó fi kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ olórí wọn, ojú olórí náà sì tàn bí ojú alààyè.

"Olórí wọn ti wá di ẹbí mi nìyẹn," Eléyín wí.

"Ṣé olórí wọn nìkan ni?"

Ó fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì gbá a léjìká, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín dé ilé.

Nílé ni ọ̀rọ̀ ti di ariwo. Akunlé ni bàbá Eléyín kó tó fẹ̀yìn tì. Ogójì ọdún ló fi kun ilé, iléèwé àti ilé ìwòsàn. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Aláago ń kùn, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọláńgidi! Èmi tí mo kun ilé alájà mẹ́fà, ọmọ mi fẹ́ fẹ́ ẹni tó ń kun ọmọláńgidi!"

"Bàbá mi, ẹ ò tíì rí i."

"Ó dáa. Màá wá wo eré yín ní Sátidé. Bí mo bá rí àgbà ọkùnrin níbẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni mo rí, kẹ́ ẹ yáa kí ara yín pé ó dìgbóṣe."

Eléyín mọ̀ pé bàbá òun kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Òun nìkan ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Kò lè lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé bàbá yìí súre fún un, kò sì fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago kún ọwọ́ Aláago. Eléyín ní òun á bá a ṣe èyí tó kù, ìyẹn ni kí wọ́n fín fáníìṣì sára àwọn ọmọ ogun náà kí òógùn ọwọ́ má bàa bó ọ̀dà wọn.

"Ṣó o mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ọmọ akunlé lò ń bá sọ̀rọ̀ o."

Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní ní àárọ̀ náà. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé, ó fín gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó padà wá wò wọ́n, orin pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti wọnú fáníìṣì náà. Funfun bí eérú ti bo àwọn ọmọ ogun látòkè délẹ̀. Kò sí aṣọ àfẹ̀mọ́júmọ́ mọ́, kò sí ẹyinjú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Òun, ọmọ akunlé! Kò lè sọ fún bàbá rẹ̀, kò sì lè sọ fún Aláago títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní gbọ̀ngàn ló ti gbé àpótí náà lé e lọ́wọ́. Aláago ṣí i. Ó wò wọ́n títí. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ olórí wọn.

"Ọdún méjì," ló wí jẹ́ẹ́.

"Mo mọ̀. Bó o bá ní kí n máa lọ, màá lọ."

Wọ́n gbọ́ ikọ́ bàbá Eléyín lórí àtẹ̀gùn. Aláago mú aṣọ ìnujú, ó nu omijé ojú Eléyín.

"A ò tíì ríbi sùn," ló ní. "Níbo lo fẹ́ máa lọ?"

Ó wá ń tò wọ́n sórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan. Òun àti Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń pa gbogbo gbọ̀ngàn lẹ́rìn-ín ni wọ́n jọ fẹ́ ṣeré lọ́jọ́ náà.

"Yéè! Aláago, ṣé ìdí ààrò làwọn wọ̀nyí sùn mọ́jú ni?"

Ẹ̀rín ta. Eléyín la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Aláago yára jù ú lọ.

"Èmi ni. Mo fín wọn ní fáníìṣì lójú òjò. Ìwàǹwára ló ṣe mí. Ẹ jẹ́ ká gbà pé inú kùrukùru ni wọ́n ti ń bọ̀."

Bàbá Eléyín jókòó lẹ́yìn, ó gbé fìlà lé orúnkún. Àwọn ọmọ ogun inú kùrukùru náà ń ṣubú níkọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ tépù bá ta kókó, tí wọn kò mọ ẹni tó jàre, Aláago á ní kí Nọ́ọ̀sì mú un. Nígbẹ̀yìn, olórí wọn nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́, ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà, dáìsì sì já a kulẹ̀. Aláago fìdí rẹmi. Ó bọ Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó sì kí i kú oríire.

Baba dìde. Ó gbé olórí náà, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló fín èyí?"

"Èmi ni, bàbá."

"Irọ́ lo pa. Ara aṣọ ọmọ mi ni mo ti gbóòórùn fáníìṣì yìí lánàá."

Eléyín kúnlẹ̀. "Bàbá mi, èmi ni. Ẹ má bínú."

"Ta ló ń bá ọ wí?" Aláago ni baba tẹjú mọ́. "Ogójì ọdún ni mo fi kunlé. Bí ògiri bá ti bàjẹ́, oníkálukú á máa nàka sí ẹnìkejì rẹ̀. Èmi náà ti nàka rí. Mi ò tíì rí ẹni tó gba ẹ̀bi mọ́ra báyìí, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló bàjẹ́." Ó wúkọ́. "Ẹ bá mi wá òróró."

Nọ́ọ̀sì yọ ìgò òróró ìpara kan nínú báàgì rẹ̀. Baba ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó fi ń pa ọmọ ogun àkọ́kọ́ lára, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Funfun náà ń sá lọ díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ sì ń padà bọ̀ léjìká rẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ń mọ́ lórí tábìlì.

"Ọmọ akunlé," baba wí láìgbójú sókè, "o ò bi mí léèrè."

"Ojú ló ń tì mí, bàbá mi."

Nígbà tí mẹ́sàn-án mọ́ tán, baba na ọwọ́ sí olórí wọn. Aláago rọra dí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló rìn jìnnà jù nínú kùrukùru náà."

Baba wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Eléyín, dìde nílẹ̀. Mo ti rí àgbà ọkùnrin."

Lóṣù mẹ́ta sí i, wọ́n lọ forúkọ ìgbéyàwó wọn sílẹ̀ lọ́fíìsì ìjọba. Eléyín ti jí ní kùtùkùtù ọjọ́ náà láti parí ọmọ ogun kọkànlá, obìnrin kan tó máa dúró ti olórí inú kùrukùru. Nígbà tí akọ̀wé bi í bóyá ó fẹ́ ọkùnrin yìí, ó la ẹnu gbàgà, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni!"

Akọ̀wé yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyàwó, ṣé ara yín yá? Ahọ́n yín..."

Màmá Aláago rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ pé síta. Baba ló tẹ̀ síwájú láti dá akọ̀wé lóhùn.

"Ara rẹ̀ yá gágá," ló ní. "Ọmọ ogun ló ń kùn."