Sítáǹpù Tó Dorí Kodò

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá irọ́ ni. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Minnesota mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn ń rí nígbà òtútù tí kì í sọ. Èmi á sọ èyí. Ó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sán ni. Yìnyín ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbogbo oko funfun, kò sí ìró kankan. Ardis jókòó nílé ìdáná, ó ń lẹ sítáǹpù mọ́ lẹ́tà. Wọ́n ti sin Orrin ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Janelle, ọmọ wọn kan ṣoṣo, kò tíì gbọ́. Bàbá àtọmọ ló jà, ìjà náà sì le débi pé ọmọ kó lọ sí Oregon láìfi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀. Àdírẹ́sì nìkan ni Ardis ní. Bí lẹ́tà yìí ò bá dé, ọmọ á máa bínú sí òkú lọ.

Onísẹ́ǹtì kan àti onísẹ́ǹtì méjì ni gbogbo sítáǹpù tó wà nílé. Orrin ló ń kó wọn pamọ́ sínú agolo bisikíìtì láti ìgbà ọ̀dọ́, ó ní wọ́n á dowó lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rín ni oníṣòwò sítáǹpù tí Ardis gbé wọn lọ bá fi dá a lóhùn, ó ní iye tí wọ́n rà wọ́n ni wọ́n ṣì jẹ́, kí màmá máa lẹ̀ wọ́n mọ́ lẹ́tà. Ardis bá lẹ̀ wọ́n títí agolo fi ṣófo, díẹ̀ ló kù kí àdírẹ́sì má ráyè. Ó gbé lẹ́tà náà sínú àpótí lẹ́tà wọn lẹ́bàá títì, ó gbé àsíá pupa tó wà lára àpótí náà sókè kí apínlẹ́tà lè mọ̀ pé lẹ́tà wà níbẹ̀ tó máa gbé lọ.

Ó ti wọlé kó tó rántí pé owó lẹ́tà ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè. Sẹ́ǹtì kan ló kù kó pé. Sẹ́ǹtì kan péré, àmọ́ wọ́n lè torí ẹ̀ dá lẹ́tà padà. Ó tún bọ́ sínú yìnyín láti lọ mú un padà.

Ipa ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀. Ó ṣí àpótí. Sítáǹpù onísẹ́ǹtì kan ti wà ní igun àpòòwé, níbi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án. Itọ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, nínú òtútù yẹn.

Sítáǹpù náà sì dorí kodò.

Kànrìnkànrìn tútù ni Ardis fi ń rin ẹ̀yìn sítáǹpù. Orrin ló máa ń fi ahọ́n lá a. Nígbà tí Janelle wà ní yunifásítì, kò sí lẹ́tà tí bàbá rẹ̀ kọ sí i tí kì í dorí sítáǹpù kan kodò lórí rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ilẹ̀ yìí ṣe ń sọ "mo fẹ́ràn rẹ" láìkọ ọ́. Láti ọjọ́ ìjà yẹn, kò ṣe é mọ́.

Ó wu Ardis kó ṣí sítáǹpù náà kúrò. Ó ti ki èékánná bọ abẹ́ igun rẹ̀. Òun náà ń ṣàárò ọkọ òun, kò sì sí ohun tí Orrin fi ránṣẹ́ sí òun. Kí n má purọ́, ó jowú ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ Duane apínlẹ́tà ti rọra dúró.

"Màmá, ṣé kí n mú un?"

Ardis yọ èékánná rẹ̀ kúrò.

"Mú un. Kì í ṣe tèmi."

Nígbà tí lẹ́tà dé Oregon, Janelle pe fóònù ilé. Ẹkún ló kọ́kọ́ sun, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

"Màmá, ṣé Dádì ló lẹ èyí tó dorí kodò yìí?"

"Òun ni."

"Kí wọ́n tó kú?"

Ardis wo ojú fèrèsé. Yìnyín tún ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ ṣáà máa bọ̀ nílé," ló wí.