Jùmọ̀ Nínú Yàrá Ẹlẹ́nìkan

Ọjọ́ tí wọ́n mú Jùmọ̀ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n tuntun ní Berlin, ní ọdún 1894, yìnyín bo gbogbo òrùlé. Èkó ni wọ́n bí i sí. Inú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Hamburg ló ti ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú iná. Ọ̀gá ọkọ̀ gbá a létí, òun náà gbá a padà, ni adájọ́ Hamburg bá sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Ọgbà yìí ni ìjọba Kaiser, ọba Jámánì, fi ń yangàn nígbà náà. Wọ́n ní ayé ìyà àtijọ́ ti kọjá: kò sí pàṣán, kò sí ṣẹkẹṣẹkẹ̀, kò sí pé ogójì èèyàn ń sùn há pọ̀ lórí koríko kan. Apá mẹ́rin ni ilé náà ní, gbogbo rẹ̀ pàdé láàárín bí ìràwọ̀, tí wọ́dà kan ṣoṣo bá dúró níbẹ̀, á rí gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹnì kan, yàrá kan. Bí wọ́n bá ń jáde gba afẹ́fẹ́, aṣọ ni wọ́n fi ń bo ojú, kí ẹlẹ́wọ̀n má baà rí ojú ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ ni yóò tún ọkàn wọn ṣe.

Mojíbọ́lá mọ gbogbo èyí nítorí pé ayàwòrán ilé ni, ará àdúgbò Wedding ní Berlin, iléeṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń sọ ọgbà náà di ilé ìtàn lónìí. Nínú fáìlì àtijọ́ ló ti rí ohun tí wọ́dà kọ: "Ní àràárọ̀ ni ẹlẹ́wọ̀n yìí ń pariwo *ekaro, ekaro* sí ògiri. A ti í mọ́ inú òkùnkùn lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, kò jáwọ́. Dókítà ní ó ti ya wèrè. A dá a padà sí Hamburg, sí ilé ìwòsàn."

Orí Mojíbọ́lá wú. Ó sáré tọ Leonie lọ, ẹni tó ń kọ ìtàn tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Leonie, ó ń kí ẹni tó wà ní yàrá kejì ni! Ẹ káàárọ̀ ló ń sọ!"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ló kọ ọ́ pé ó ya wèrè."

"Ẹni tó kí èèyàn láàárọ̀, èwo ni wèrè níbẹ̀?"

"Ìgbìmọ̀ ilé ìtàn ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu, Mojíbọ́lá. Bá mi wá ìwé dókítà mìíràn."

Oṣù mẹ́rin ni Mojíbọ́lá fi ń kọ̀wé sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Hamburg. Wọ́n ní wọ́n ń to fáìlì lọ́wọ́. Wọ́n ní kó tún Antrag, ìyẹn ìwé ìbéèrè, kọ, pé inú fọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá ló kọ ọ́ sí. Nígbà tí wọ́n dá a lóhùn, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, Anna tó ń tọ́jú ìwé sì gbé fáìlì síwájú rẹ̀.

Ìwé dókítà náà wà níbẹ̀. Àárín ọgbọ̀n aláìsàn ni wọ́n fi Jùmọ̀ sí. Ó ń kí wọn, àwọn náà sì kọ́ bí a ti ń dáhùn. Ó ń bá wọn bó ọ̀dùnkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, dókítà kọ ọ́ pé: "Ara rẹ̀ ti yá pátápátá. N kò mọ ohun tó wò ó sàn."

Ayọ̀ gba Mojíbọ́lá lọ́kàn. Ó ṣí ewé kejì.

Nítorí pé ara rẹ̀ ti yá, wọ́n dá a padà sí Berlin, sí yàrá ẹlẹ́nìkan tó wà tẹ́lẹ̀, kó lọ parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó kú.

Lábẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà tí ilé ẹjọ́ Hamburg fẹ́ fi túfọ̀ rẹ̀ fáwọn ará ilé rẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó fi ránṣẹ́. "Ẹbí Jùmọ̀, Èkó," ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, kò sí àdúgbò, kò sí orúkọ bàbá.

"Anna, ṣé mo lè mú èyí lọ?"

"Rárá, ohun ìní ìjọba ni. Ṣé ẹbí yín ni?"

"Rárá."

"Ta lẹ wá fẹ́ mú un lọ fún?"

Mojíbọ́lá fa ìwé kan yọ nínú àpò rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ lẹ́tà náà sí Yorùbá, èdè àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún, ó ń tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ débi pé ẹnu pẹ́ńsù náà kán lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì débi ọjọ́ tí Jùmọ̀ kú tí Anna fi ní kó máa palẹ̀ mọ́, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.