Òkúta Kejì

“Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ o,” ni Ìdùnnúolúwa wí, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí kọ̀ǹpútà. “Ó ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó bá ti ń ṣiṣẹ́, a kì í tún un tú wò.”

Toheebat, tó ya gbogbo àwòrán inú géèmù wọn, rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń lọ kírun Àyílà. Ìdùnnúolúwa náà dìde. Òun ló ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, kò sì tí ì jẹun láti àárọ̀. Ó ní òun ń lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà bọ̀. Ó wá ku Àṣìkẹ́ nìkan nídìí tábìlì wọn, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje géèmù ní Ìlaròó.

Ìdíje náà kò le láti ṣàlàyé; ṣíṣe rẹ̀ ni wàhálà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama tó wá ní àkòrí kan: “Àyè kò gbà wá.” Tó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti mú géèmù jáde, èyí tí èèyàn máa fi ọgbọ́n orí yanjú. Ẹgbẹ́ tó bá gba ipò kìíní, wọn yóò kọ́ wọn níṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí kànga ẹ̀rọ ìyá Toheebat ni àwọn mẹ́ta yìí ti rí tiwọn. Gbogbo àdúgbò ló ń pọnmi níbẹ̀ nígbàkígbà tí iná bá dé, àgbàlá ibẹ̀ sì há gádígádí. Nínú géèmù wọn, ẹni tó ń ṣe é yóò máa ti kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan gba àárín àwọn yòókù títí yóò fi dé ẹnu ẹ̀rọ, kí iná tó lọ. Wọ́n fi òkúta sí i, nítorí pé ní àgbàlá yẹn, ẹni tí kò bá lè dúró a máa gbé òkúta sí àyè rẹ̀. Òkúta inú géèmù kì í kúrò lójú kan. Kẹ́ẹ̀gì ló gbọ́dọ̀ yí i ká.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, ọ̀kan nínú àwọn onídàájọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lo gíláàsì, kọjá lọ́dọ̀ wọn. Ó ṣe ìpele tó kẹ́yìn lórí ìdúró, ó sì yanjú rẹ̀. “Èyí mà rọrùn o,” ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àṣìkẹ́ lọ́kàn, kò sì yé gún un.

Ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ pọ̀ ju géèmù lọ. Bàbá rẹ̀ ní Ìhúnbọ ti ṣubú lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tí ì ṣeé fi tẹ ilẹ̀. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ló ti pè é lórí fóònù.

“Àṣìkẹ́, mi ò ní tàn ọ́. Ẹ̀gẹ́ ń jẹrà nínú oko, kò sẹ́ni tó máa wú u. Bẹ́ ẹ bá gba ipò kìíní, tí wọ́n bá ń kọ́ ẹ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bó o ṣe wí, màá mọ̀ pé nǹkan gidi lò ń ṣe, màá sì foko náà fún ẹni tá a jọ máa pín èrè ẹ̀. Bí ò bá rí bẹ́ẹ̀, di ẹrù ẹ, kó o máa bọ̀ nílé.”

Ta ló fi S.S. 2 sílẹ̀ lọ sídìí ẹ̀gẹ́ tó tún padà wá? Àṣìkẹ́ mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìhúnbọ. Òmíràn nínú wọn ti ń pọn ọmọ. Ẹ̀rù bà á.

Ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀. Ó lọ sí ìpele tó kẹ́yìn, ó sì gbé òkúta kejì sí iwájú ẹnu ẹ̀rọ. Àyè díẹ̀ ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti kẹ́ẹ̀gì kékeré kan gba ibẹ̀, ó kọjá. Ó yẹ kó gbìyànjú èyí tó tóbi jù wò, èyí tí wọ́n ń pè ní kẹ́ẹ̀gì Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, òun náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ọ̀ràn ká mọ́ kì í sábà rántí òwe.

Kò sọ fún wọn. Bí wọ́n ṣe ń jókòó ni olórí àwọn onídàájọ́, Àǹtí Kòfowórọlá, dé láti gba iṣẹ́ wọn. Òfin ìdíje náà ni pé ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ gbé ohun tí àwọn fúnra wọn kò lè yanjú síwájú ẹlòmíràn.

“Ṣé ẹnì kan nínú yín ti ṣe é dé òpin, bó ṣe wà yìí gan-an?”

“Mo ti ṣe é, mà,” ni Àṣìkẹ́ dáhùn.

Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán géèmù wọn sí ara ògiri kí gbogbo èrò lè rí i, inú gbogbo wọn dùn sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí kẹ́ẹ̀gì ńlá Ìyá Ìbejì, tí Toheebat wé gèlè fún. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìpele tó kẹ́yìn, onídàájọ́ kan gbìyànjú, iná inú géèmù lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òmíràn gbà á, iná tún lọ. “Kò ṣeé ṣe,” ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

Ìdùnnúolúwa dìde. “Ó ṣeé ṣe, mà. Èmi fúnra mi ṣe é láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín.”

Ó yẹ kí Àṣìkẹ́ fà á láṣọ, ṣùgbọ́n ó jókòó síbẹ̀. Ìdùnnúolúwa gbé àyà síwájú lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń ti kẹ́ẹ̀gì bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi kan òkúta kejì. Kẹ́ẹ̀gì Ìyá Ìbejì kò gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹnì kan sì pè é ní onírọ́.

Bí Àṣìkẹ́ bá dákẹ́, bóyá wọn á ní kọ̀ǹpútà ló ṣe ségesège. Ó ro oko, ó ro ẹ̀gẹ́, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìdùnnúolúwa wẹ̀yìn, tó ń wá ojú rẹ̀ láàárín èrò. Ara Àṣìkẹ́ kò gbà á mọ́, ó dìde.

“Ẹ má pè é ní onírọ́,” ló wí. “Èmi ni mo gbé òkúta yẹn síbẹ̀ lẹ́yìn tó ti parí iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ò mọ̀. Mi ò sì ṣe é dé òpin. Irọ́ ni mo pa, mà.”

Àǹtí Kòfowórọlá mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ pé ó jẹ́wọ́, ó sì yọ iṣẹ́ wọn kúrò nínú ìdíje. Onígíláàsì náà mi orí. “Mo ní ó rọrùn. Ṣé mo ní kò dáa ni? Ipò kìíní ni mo ti ní lọ́kàn láti fún yín.”

Níta, Ìdùnnúolúwa kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. “O rí mi tí mò ń lọ síwájú,” ló wí, “o sì jókòó.” Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó lọ.

Bàbá Àṣìkẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù láìjá a lẹ́nu. “O jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“O ṣeun. Máa bọ̀ nílé.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àṣìkẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí kànga, kó lè pọnmi fún Àǹtí Sàlímọ́tù, ẹni tí òun ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìlaròó, kó tó lọ. Iná kò tí ì dé. Ó gbé òkúta tì í, ó sì padà lọ di ẹrù. Ìgbà tó gbọ́ pé iná dé tó sáré jáde, àyè rẹ̀ ti kọjá. Ní àgbàlá yẹn, òkúta kì í dúró de olúwa rẹ̀ títí. Bí ó bá kàn ọ́ tí o kò sí níbẹ̀, wọn á fò ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ tó rò pé ó ṣófo, ó sì bá a pé omi kún inú rẹ̀ dé ẹnu.

“Ìdùnnú ló pọn ọ́n,” ni Toheebat wí lẹ́nu ẹ̀rọ. “Ó ní kí n má sọ.”

Ìdùnnúolúwa ti dé ojú títì, ó ru kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, kò wẹ̀yìn. Àṣìkẹ́ ń fi ojú sìn ín lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Bí ọ̀ràn bá ká yín mọ́, ẹ má ṣe fi irọ́ wá ọ̀nà àbáyọ, nítorí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín ni yóò kọ́kọ́ rìn wọ inú ẹ̀tẹ́ rẹ̀. Àṣìkẹ́ jẹ́wọ́, ó dáa tó jẹ́wọ́, síbẹ̀ ọ̀nà Ìhúnbọ ló gbà lọ́jọ́ náà. Kó tó lọ, ó gbé omi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọn fún un karí lọ sílé Àǹtí Sàlímọ́tù, ó rọra ń rìn, kò sì jẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù.