Àpò Ẹ̀wà Méjì ní Wadata

Obìnrin kan kúnlẹ̀ láàárín ọjà Wadata, nílẹ̀ Hausa àti Zarma, gèlè pupa lórí, ó gbé etí lé àpò ẹ̀wà, ó sì dijú bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Lùkúmàn, tó ń bá bàbá rẹ̀ tajà níbẹ̀, dúró, ẹnu rẹ̀ ò lè padé.

"Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan? Àbí ara yín ò yá ni?"

"Ẹ rọra. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun." Ó rẹ́rìn-ín. "Kòkòrò inú ẹ̀wà yín pọ̀, wàláhì!"

Ẹ wo ọ̀nà tí ìfẹ́ gbà wọlé! Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bú ọjà rẹ̀ lójú gbogbo ayé, dípò kó bínú, àga ló lọ gbé wá fún un.

Sùmáyà lorúkọ rẹ̀. Àdúgbò Boukoki nílùú kan náà ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ló sì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń di ẹ̀wà sínú àpò pàtàkì kan kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí wọ́n ti di olólùfẹ́.

"Ṣàlàyé fún mi, Àjíkẹ́ mi," ni Lùkúmàn wí lọ́jọ́ kan. "Kí ló ń pa kòkòrò nínú àpò tí ẹ̀ ń dì yìí? Oògùn dà?"

"Kò sí oògùn. Ọ̀rá méjì ló wà nínú rẹ̀, a dì wọ́n pinpin. Kòkòrò á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣé o mọ̀ pé kì í mu omi? Afẹ́fẹ́ yẹn ni ara rẹ̀ fi ń yọ omi láti inú oúnjẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, òùngbẹ ló ń pa á. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn onímọ̀ rí ìdí rẹ̀."

"Òùngbẹ? Ó ń gbẹ èmi náà láti Jímọ̀ tí mo ti rí ọ gbẹ̀yìn."

"Ẹlẹ́nu dídùn!"

Ṣùgbọ́n Alhaji Gbàdàmọ́sí, bàbá Lùkúmàn, kò fẹ́ gbọ́. Ó ti fi ọkàn sí Zàlìhà, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé, fún ọmọ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ogójì ọdún ló ti ń da oògùn sí ẹ̀wà, ọmọ àná wá ń kọ́ ọ níṣẹ́!

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ di àpò méjì. Oṣù mẹ́fà. Bí kòkòrò bá ba ọ̀kan jẹ́ nínú wọn, Zàlìhà ni Lùkúmàn á fẹ́."

"Mo gbà, Bàbá," ni Lùkúmàn wí.

Lóṣù kejì, oníbàárà kan dé láti Dosso. Ẹ mọ àṣà àwọn oníṣòwò ọkà: irin oníhò kan wà tí wọ́n fi ń gún àpò, kí ẹ̀wà díẹ̀ lè jáde fún oníbàárà láti wò. Ọwọ́ Alhaji ti mọ́ ọn, kò tilẹ̀ ronú. Ó gún ọ̀kan nínú àpò méjèèjì, ó fi ẹ̀wà han ọkùnrin náà, ó sì gbàgbé. Kò fi ṣe ìkà o.

Ọjọ́ pé. Èrò yí ìsọ̀ ká. Wọ́n tú àpò kìn-ín-ní, kòkòrò bẹ́ jáde yàà, ẹ̀wà ti di ìyẹ̀fun.

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" ni Alhaji kígbe.

Lùkúmàn kò lè gbójú sókè. Omijé dé ojú Sùmáyà, ṣùgbọ́n kò sá. Ó fọwọ́ tọ ara àpò náà títí.

"Bàbá, ẹ dákun, ihò wà níbí. Ta ló gún un?"

Alhaji wo ihò náà, ó sì rántí oníbàárà Dosso. Nínú èrò yìí, kò sẹ́ni tó rí Alhaji lọ́jọ́ tó gún àpò. Bó bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún ṣòwò láì purọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo fi irin gún un. Ẹ tú èkejì."

Lùkúmàn tú u. Ẹ̀wà dà sórí ẹní, funfun, ó ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n dì í. Ọjà hó yèè! Hausa, Zarma, Yorùbá, kálukú ń fi èdè tirẹ̀ yin Ọlọ́run.

Alhaji fọwọ́ méjèèjì bu ẹ̀wà. "Ihò kan ṣoṣo! Ọmọ yìí, o ṣẹ́gun mi, inú mi sì dùn. Níbo ni ilé bàbá rẹ wà ní Boukoki? A ó wá kí i lọ́la."

"Bàbá," ni Lùkúmàn wí, "kí ló ṣe òní?"

Ẹ̀rín sọ. Nígbà tí wọ́n kírun Alásárì tán, Alhaji Gbàdàmọ́sí fúnra rẹ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Boukoki. Ó ní, "Ọmọ ọlọ́gbọ́n kan wà nílé yìí. Òun ni mo wá tọrọ."