Òwú Tí Ó Wọn Erékùṣù

Ọjọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ rí akọ̀wé ọ́fíìsì ìrìnàjò náà, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀, pẹ́ńsùlù sì wà létí rẹ̀ tó ti gbàgbé síbẹ̀. Ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn onípákó ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìrìnàjò. Ibi tó jìnnà jù tó ti dé láyé ni ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló gbé e dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá èèyàn ṣètò ìrìnàjò yìí. Ìyá náà ti pé àádọ́rin ọdún. Ogójì nínú rẹ̀ ló fi fọ aṣọ, tó sì fi lọ aṣọ, fún àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí àwọn ọmọ béèrè ohun tó fẹ́, ó ní ohun kan ṣoṣo ni: kí òun ki ẹsẹ̀ bọ inú òkun kí orúnkún òun tó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ọmọ bá fẹnu kò sí erékùṣù kan tí oòrùn kì í fi sílẹ̀. Apá ibi tí ìyá máa dé sí lórí erékùṣù náà ló wá di ìjà.

"Ẹ káàsán," ni káfíńtà wí. "Ọ̀rọ̀ erékùṣù ni mo bá wá."

"Ẹ jókòó, sà. Ta ló ń lọ?"

"Ìyá mi. Èmi ni mo máa sìn wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní apá àríwá ni ká gbà, pé ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn wà. Àbúrò mi ní apá ìwọ̀ oòrùn ni, nítorí pé ó rí i nínú fóònù."

"Màmá fúnra wọn ńkọ́?"

"Wọ́n ní níbi tí òkun bá ti wà."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Erékùṣù ni, sà. Òkun yí i po."

Ọ̀rọ̀ náà pa káfíńtà lẹ́rìn-ín dé ikùn. Ó wá tẹjú mọ́ ọn. Obìnrin náà kò ṣe ojú ṣe ẹnu, aṣọ funfun lásán ló wọ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀, nǹkan tí káfíńtà sì máa ń bọ̀wọ̀ fún jù nìyẹn. Máàpù erékùṣù wà lábẹ́ gíláàsì orí tábìlì rẹ̀. Kò tiẹ̀ tíì wò ó. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í.

"Aago mélòó ni Màmá máa ń jí?"

"Aago márùn-ún. Àkùkọ ló ń fi wọ́n ṣe aago."

"Wọ́n fẹ́ràn ariwo?"

"Wọ́n á ní kí àwọn aláriwo máa lọ sílé bàbá wọn."

"Wọ́n máa ń bá àjèjì sọ̀rọ̀?"

"Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n á ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹni náà."

Akọ̀wé mi orí. Ó ní bó bá jẹ́ ti apá àríwá, orin ibẹ̀ kì í dákẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó ní apá ìwọ̀ oòrùn ni ibi tí wọ́n ti ń wo oòrùn bó ṣe ń wọ̀, ẹni tó ń jí láago márùn-ún á sì ti máa tòògbé nígbà yẹn. Apá gúúsù, àwọn apẹja ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn ilé ibẹ̀ sì kéré. Ó wá gbé ìka lé apá ìlà oòrùn.

"Ibí ni mo rí fún wọn. Látinú òkun ni oòrùn ti ń yọ níbẹ̀, lójú wíńdò wọn gan-an."

Ó fa òwú dúdú kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà ilé tó wà nínú máàpù, ó sì ń tẹ̀ lé gbogbo kọ́nà ọ̀nà náà títí dé etí omi. Ó wá na òwú náà sórí ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ máàpù, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. "Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, sà."

Káfíńtà, tí kì í gba ìwọ̀n ẹlòmíràn gbọ́ láyé rẹ̀, gba eléyìí láìjanpata. Ọwọ́ obìnrin náà ló ń wò, bí ó ṣe ń mú òwú jẹ́jẹ́ tí kò sì jẹ́ kó sún. "Ẹ ti gbé ibẹ̀ rí, ó dájú," ló wí.

Akọ̀wé ká òwú rẹ̀ pa dà sínú dúrọ́ọ̀. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, káfíńtà tún rántí pé òun kò béèrè bóyá atẹ́gùn máa ń fẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ìbéèrè kan nípa ibùsùn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó mú ìfági dání, ó ní ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yẹn ń ha ilẹ̀, òun ò sì lè máa gbọ́ ọ kí òun máa wò ó. Ó yọ ọ́, ó fá a, ó dá a pa dà. Akọ̀wé ṣí i, ó pa á, ó tún ṣí i. Ilẹ̀kùn náà kò dún rárá.

"Ó ti pé ọdún mẹ́fà tó ti ń ha ilẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò bá mi ṣe é."

Ní ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, tí kò sì sẹ́ni tó jí ìwé wò níwájú rẹ̀ rí, gbójú sókè. "Níbo lo tún ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ béèrè nǹkan nípa erékùṣù yẹn."

"Ṣé ojoojúmọ́ ni erékùṣù náà ń yí pa dà ni?"

Nígbà tí ìrìnàjò ku ọ̀sẹ̀ kan, káfíńtà sọ ọ́ jáde. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tó fá, ó ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò ní ìbéèrè kankan nípa erékùṣù mọ́."

 Omi lé sójú akọ̀wé. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín. Láti ọjọ́ ilẹ̀kùn ni. Ẹ mú Màmá lọ, kí ẹ mú wọn bọ̀. Tí inú wọn bá dùn sí ibi tí mo yàn fún wọn, ẹ mú mi lọ rí wọn."

Ohun tí ìfẹ́ wọn dúró lé nìyẹn.

Ilé apá ìlà oòrùn náà dára lóòótọ́. Wíńdò fẹ̀, òkun sì tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Ìyá káfíńtà pàtẹ́wọ́, ó bọ́ bàtà, ó ní ó yá. Wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà, wọ́n ya kọ́nà kìíní, wọ́n ya ìkejì, ni ilẹ̀ bá tán. Orí òkè gíga ni wọ́n wà. Àtẹ̀gùn òkúta ló sọ̀ kalẹ̀ látibẹ̀ lọ sínú omi, tóóró, kò sì ní ibi tí èèyàn lè fọwọ́ mú. Káfíńtà sọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ó kà á: mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Nígbà tó gòkè pa dà, ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí òkúta kan, bàtà rẹ̀ wà lórí itan. "Mo ti rí òkun," ló wí. "Ó ti tó."

Káfíńtà mọ ohùn yẹn. Òun ni ìyá rẹ̀ fi máa ń sọ pé ebi ò pa òun, nígbà tí oúnjẹ ò bá kárí. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó pe ọ́fíìsì.

"Ṣé o mọ̀ pé àtẹ̀gùn mẹ́tàlélọ́gọ́rin wà níbí?"

"Rárá."

"Nígbà tí o dé ibí ńkọ́?"

 Akọ̀wé lè ní máàpù ló tan òun. Ó lè ní ẹlòmíràn ló gbé e lé òun lọ́wọ́. "Mi ò dé ibẹ̀ rí," ló wí. "Mi ò dé ibì kankan rí. Nínú máàpù ni mo ti mọ gbogbo rẹ̀, òwú mi ò sì mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ẹ rò pé mo ti gbé ibẹ̀, ó wù mí kí ẹ máa wò mí bẹ́ẹ̀, mo bá dákẹ́. Ẹ bínú sí mi, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa fóònù. Téèpù wà lọ́wọ́ yín?"

"Káfíńtà wo ni kì í mú téèpù dání?"

"Ó dáa. Ẹ wọn gíga àtẹ̀gùn tí Màmá lè gùn láìdi ohunkóhun mú."

Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó wọ̀n ọ́n. Láàárín ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé pe gbogbo ilé àlejò apá gúúsù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò béèrè nípa wíńdò mọ́. Iye àtẹ̀gùn ló ń béèrè. Tó bá ti rí èyí tó jọ pé ó dáa, á ní kí káfíńtà lọ fi téèpù wò ó, á sì máa kọ gbogbo ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ìbínú káfíńtà ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kò tíì rí ẹni tó ṣe àṣìṣe tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u palẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kó lọ sílé opó apẹja kan ní gúúsù. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan, gíga rẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ, iyanrìn ló sì kàn. Ìyá káfíńtà rìn lọ tààrà, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ki ọwọ́ bọ omi tútù.

"Omi yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ta ló bá wọn gbé e kaná?"

Nígbà tí wọn yóò fi délé, ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pe ìpàdé sí pálọ̀ rẹ̀. "Onírọ́ ni akọ̀wé yẹn," ló wí. "Ó rán ìyá wa lọ sórí òkè níbi tí kò dé rí. Kò ní wọlé wa."

Akọ̀wé wá fúnra rẹ̀. Ó kí ìyá, ó kí ẹ̀gbọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò sì jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Mi ò wá gba ara mi sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ Màmá." Ó tẹ́ máàpù náà sórí tábìlì. Ó ti yọ ọ́ kúrò lábẹ́ gíláàsì. Gbogbo ìwọ̀n tí káfíńtà ti wọ̀n ló wà lára rẹ̀: iye àtẹ̀gùn, gíga ẹnu ọ̀nà, ibi tí èèyàn ti lè jókòó sinmi.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí káfíńtà. "Ìwọ tí o máa ń wọn àga kí o tó jókòó lé e, ìwọ tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni iṣẹ́ rẹ, o ò béèrè bóyá òkè wà níbẹ̀?"

"Mi ò béèrè."

"Kí ló fà á?"

Káfíńtà wo ilẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó wá bi ọmọbìnrin rẹ̀ pé, "Ọ̀gá ilé-ìwé, nígbà tí mo wà lórí òkè yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó lo pè mí?"

Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ máàpù orí tábìlì.

"Eléyìí pè mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá lọ́jọ́ kan. Ó bi mí bí orúnkún mi ṣe rí. Ó bi mí bóyá mo sùn. Ìyàwó tí mo fẹ́ fún ọmọ mi nìyí."

 Ẹ̀gbọ́n fa máàpù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó gbé awò rẹ̀ sójú. "Apá àríwá tí mo sọ yìí. Ṣé ilé ìwòsàn wà níbẹ̀ lóòótọ́?"

"Ó wà, mà. Àtẹ̀gùn mẹ́fà ni wọ́n fi ń wọlé."

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n wí. "O ti dúró jù."

Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún tó yí po. Nígbà tó kan ibi tí tọkọtìyàwó máa lọ sinmi, gbogbo ilé ló tún dá sí i: ẹ̀gbọ́n ní àríwá, àbúrò ní ìwọ̀ oòrùn, ìyá ní kò síbi tó dà bíi gúúsù, kí wọ́n bá òun kí opó apẹja.

"Ìlà oòrùn," ni ìyàwó wí. "Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi kà á."

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta náà, ó ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, ọkọ rẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń wò ó bó ṣe wò ó lọ́jọ́ kìíní. Ní mẹ́tàlélọ́gọ́rin, káfíńtà dúró. Ìyàwó rẹ̀ kò dúró. Ó na ẹsẹ̀ kan sínú omi.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin," ló wí.

"Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, ààyò mi. Mo kà á."

"Ẹ wá wò ó, ọkọ mi."

Káfíńtà ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá inú omi. Òkúta kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, tó fẹ̀ tó sì tẹ́jú, tí omi ti bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tó dá nìkan sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó gba àwọn méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ yọ pẹ́ńsùlù tó wà létí ọkọ rẹ̀, ó tẹ́ máàpù sí i láyà, ó sì tún iye náà kọ.